Màmá Gba Mẹ́wàá Nínú Mẹ́wàá

Àbúrò mi ọkùnrin ló kọ́kọ́ sọ fún mi pé àwọn èèyàn kan wà láyé yìí tí iṣẹ́ wọn ò ju kí wọ́n máa wọn ìdùnnú lọ. Mo ní, "Kí ni wọ́n fi ń wọ̀n ọ́n? Ṣé kóńgò ni àbí ìwọ̀n alápatà?" Kò rẹ́rìn-ín. Ó ní sáyẹ́ǹsì ni. Ó ní ohun tó ń mú inú èèyàn dùn wà, èyí tí a kàn rò pé ó ń mú un dùn náà wà, àti pé bí èèyàn bá ti mọ ìbéèrè tó yẹ kó bi aráyé, wọn á sọ gbogbo rẹ̀ fún un. Mo wò ó títí. Ọmọ tí mo pọ̀n, tó ń tọ̀ sí mi lẹ́yìn, òun ló jókòó sí pálọ̀ mi tó ń ṣàlàyé ìdùnnú fún mi.

Ìlú Bìní la wà nígbà náà, nínú ilé tí èmi àti ọkọ mi rẹ́ǹtì ní Iyaro. Mò ń ṣiṣẹ́ ní báǹkì, ọkọ mi ń ṣiṣẹ́ ìjọba, àbúrò mi sì ti lọ kàwé lókè òkun, ó ti dé, ó ń kọ́ni ní yunifásítì. Ìyá wa ń gbé lọ́dọ̀ mi. Ọ̀rọ̀ ìyá wa yìí gan-an ni mo fẹ́ sọ. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ obìnrin kan ṣoṣo ló kù fún un láyé, ó wà nílé wa ní Èkìtì, Màmá sì fẹ́ padà lọ bá a kí ikú tó ya wọ́n. Èmi ni mo dúró sójú ọ̀nà fún un.

Ẹ jẹ́ kí n sọ bó ṣe jẹ́. Láàrin wa, bí ọmọbìnrin bá bímọ, ìyá rẹ̀ á wá wẹ ọmọ. Á máa fi omi gbígbóná jó ìyá ọmọ níkùn, á máa se ẹ̀kọ fún un, á máa gbé ọmọ kí abiyamọ lè sùn. Oṣù mẹ́ta ni, bó pẹ́ títí, oṣù mẹ́rin. Lẹ́yìn náà, ọmọ àti ọkọ ọmọ á ra aṣọ fún un, wọn á ra bàtà, wọn á di oríṣiríṣi nǹkan sínú báàgì, wọn á sìn ín dé gáréèjì tọpẹ́tọpẹ́. Òun fúnra rẹ̀ kì í sọ pé òun fẹ́ máa lọ. Bó bá sọ bẹ́ẹ̀, á dà bíi pé ó ń tọrọ aṣọ, tàbí pé òun àti ọmọ rẹ̀ ti jà. Ńṣe ló máa dúró títí wọn á fi sìn ín.

Àwa ò sìn ín. Kí fóònù alágbèéká tó dé ni Màmá ti wá wẹ àkọ́bí mi. Kí ìyẹn tó rìn dáadáa, mo ti lóyún ìkejì. Kí ìkejì tó fi ọmú sílẹ̀, wọ́n ti gbé mi lọ sí ẹ̀ka báǹkì tí mo ti ń jáde láàárọ̀ kùtù tí mo ń wọlé nírọ̀lẹ́. Ìkẹta dé. Lẹ́yìn ìkẹta, ọ̀rọ̀ ilé-ìwé dé. Ta ni yóò mú wọn lọ, ta ni yóò mú wọn bọ̀? Oṣù mẹ́ta di ọdún mẹ́sàn-án. Mi ò tilẹ̀kùn mọ́ ẹnikẹ́ni o, mi ò sì bá ẹnikẹ́ni jà. Mi ò kàn ra aṣọ yẹn ni.

Màmá kò ráhùn. Ó ń bá àwọn ọmọ mi sọ Yorùbá, wọ́n ń fi Píjin dá a lóhùn. Bó bá ní, "Ẹ wá jẹun," wọn á ní, "Mama, we dey come," wọn ò sì ní wá. Òun náà kọ́ Píjin díẹ̀díẹ̀, ó ń fi ìpè Èkìtì sọ ọ́, àwọn ọmọ á máa fi ṣe yẹ̀yẹ́. Ó mọ ọ̀nà ọjà Ekiosa lọ ra ata, ó mọ ọ̀nà ṣọ́ọ̀ṣì, ó mọ ọ̀nà ilé-ìwé. Bí ẹnikẹ́ni bá bi í pé báwo ni Bìní, á ní, "A dúpẹ́."

Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ yẹn, Yèyé ni gbogbo wa ń pè é. Nígbà tí fóònù wá dé, ọmọ Yèyé obìnrin, tí ó dàgbà jù mí lọ, á pè mí, á gbé e sí Yèyé létí. Yèyé gbà pé bí Bìní ṣe jìnnà tó ló yẹ kí òun pariwo tó. Á kígbe, "Ìgbà wo lẹ máa dá àbúrò mi padà fún mi?" Màá ní, "Ní Kérésì, Yèyé." Kérésì wo? Mo ti fi Kérésì mẹ́ta tàn án jẹ, mo ń wọ ìkẹrin lọ. Lẹ́yìn náà ni màá gbé fóònù fún Màmá, wọn á jọ rẹ́rìn-ín, wọn á bá ara wọn sọ ọ̀rọ̀ tí mi ò gbọ́ ìdajì rẹ̀, owó orí fóònù á sì tán.

Ibi tí a wà rèé tí onísáyẹ́ǹsì fi gbé fọ́ọ̀mù dé. Ogún ìbéèrè ló wà nínú rẹ̀. Ó ní kí n bá òun túmọ̀ rẹ̀ sí Yorùbá, torí àwọn Yorùbá tó ń gbé Bìní ni òun fẹ́ bi. Wọ́n á dá ìbéèrè kọ̀ọ̀kan lóhùn láti orí oókan dé orí ẹẹ́wàá: oókan ni ìbànújẹ́ pátápátá, ẹẹ́wàá ni ìdùnnú tó kún àkúnwọ́sílẹ̀. Mo ní, "Ìwọ, ìwé wọ̀ ọ́ lórí tán, ó ti jò sílẹ̀." Ó ní, "Àǹtí, ẹ ṣáà bá mi túmọ̀ ẹ̀." Mo túmọ̀ ẹ̀. Kò dáa, ẹ má wulẹ̀ bi mí. Ta ló ń bi àgbàlagbà pé "báwo ni ìtẹ́lọ́rùn yín pẹ̀lú ìgbésí ayé yín ṣe tó"? Bí mo ṣe ń kọ ọ́ ni mò ń tijú fún ọwọ́ mi.

Mo tún bá a lọ ní Sátidé méjì, torí bó bá dá lọ pẹ̀lú ṣẹ́ẹ̀tì funfun rẹ̀ yẹn, wọ́n á ní agbowó-orí ni. Ní Ekiosa, a bá obìnrin kan tó ń ta àlùbọ́sà, ará Ògbómọ̀ṣọ́. Ìjà lòun àti ẹni tí ìsọ̀ wọn jọ wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn ń jà nígbà tí a dé, ó ti tú gèlè, ó ti fi di ìbàdí. Àbúrò mi bi í bóyá inú rẹ̀ ń dùn. Ó yíjú sí wa, ó ní, "Mẹ́wàá ni, kọ ọ́ sílẹ̀," ó yíjú padà, ó ń bá èébú rẹ̀ lọ. Ó bú ìyá tó bí onítọ̀hún dé orí ẹni tó gbẹ̀bí rẹ̀. Àbúrò mi kọ mẹ́wàá.

Ní àdúgbò Ogbe, bàbá télọ̀ kan wà tí ẹsẹ̀ rẹ̀ kan wà nínú báńdéèjì, tí kò lè tẹ máṣíìnì mọ́. Òun náà ní mẹ́wàá. Àbúrò mi rọra ní, "Bàbá, ṣé kì í ṣe mẹ́jọ báyìí?" Bàbá wò ó láti òkè délẹ̀. "Kí ló dé tí màá fi méjì sílẹ̀ fún Sàtánì?" Mo bú sẹ́rìn-ín, mo fẹ́rẹ̀ẹ́ ṣubú sórí àpótí. Àbúrò mi sì ń kọ ọ́, Ọlọ́run ló mọ ohun tó ń kọ.

Lójú ọ̀nà ni mo sọ òótọ́ ọ̀rọ̀ fún un. Mo ní, "Ṣé o ò mọ̀ pé tí a bá bi ẹnì kan pé ṣé àlàáfíà ni, a ò bi í ní ìbéèrè kankan? A kí i ni. Ilé lè máa jó lẹ́yìn ẹ̀ kó ní a dúpẹ́. Ta lo fẹ́ kó dúró sójú títì kó máa ka ìbànújẹ́ ẹ̀ fún oníṣẹ́ẹ̀tì funfun?" Ó ní òun ti ronú sí ìyẹn, pé ọ̀nà wà tí wọ́n ń gbà yọ irú rẹ̀ kúrò nínú ìṣirò. Mo ní ọ̀rọ̀ pọ̀ nínú ìwé kọ́bọ̀. Bí ọmọdé bá láṣọ bí àgbà, kò lè ní àkísà bí àgbà. Ó tún ní wọ́n ti mọ̀ pé kéèyàn máa rìn dáadáa wà lára ohun tó ń mú inú dùn. Mo ní, bó bá jẹ́ bẹ́ẹ̀, ṣé inú àwọn alábàárù tó ń ru ẹrù káàkiri Ekiosa ló wá dùn jù láyé?

Ọjọ́ tó kan Màmá, àárọ̀ Sátidé ni. Mò ń lọ aṣọ iṣẹ́ nínú pálọ̀, àwọn méjèèjì jókòó sídìí tábìlì. Àbúrò mi fi bírò rẹ̀ kan tábìlì kó tó bẹ̀rẹ̀. Màmá tún ìró ró, ó tún gèlè wé, ó ní, "Bàbá mi, ó yá, bi mí." Ìbéèrè àkọ́kọ́, mẹ́wàá. Ìkejì, mẹ́wàá. Ó ń dáhùn kíákíá bí ọmọ tó mọ ìṣirò. Nígbà tó kan ìbéèrè tó ní, ṣé àwọn tí ẹ fẹ́ràn wà nítòsí yín, ó dákẹ́. Mo gbójú sókè. Èmi ló ń wò. Ó ní, "Ọmọ mi ni mò ń wò yìí. Kọ mẹ́wàá." Àbúrò mi kọ ọ́. Ó wá bi í ní èyí tó kẹ́yìn, pé ṣé ohun kan wà tí ẹ fẹ́ tí ọwọ́ yín kò tíì tẹ̀. Màmá ní, "Kí Ọlọ́run dá ẹ̀mí yín sí fún mi."

Mo rí i tó dákẹ́ yẹn. Mi ò ní purọ́. Mo rí i, mo sì ń lọ aṣọ mi lọ.

Inú onísáyẹ́ǹsì wa dùn ju ti Màmá lọ. Ó ní nínú gbogbo àwọn tí òun bi, ìyá òun ló gba máàkì jù. Mo fi í ṣe ẹlẹ́yà títí tí ọkọ mi fi ní kí n fi ọmọ ọlọ́mọ sílẹ̀. Ìgbàkigbà tí àbúrò mi bá wọlé, màá ní, "Ẹ káàbọ̀, oníwọ̀n ìdùnnú, ṣé ẹ bá wa wọn díẹ̀ bọ̀ ni?"

Oṣù mélòó kan lẹ́yìn náà, ọmọ Yèyé pè mí ní ibi iṣẹ́. Ó ní ara Yèyé ò yá, kò jẹun mọ́, àbúrò rẹ̀ nìkan ló ń béèrè. Ó ní, "Jọ̀ọ́, ẹ jẹ́ kó máa bọ̀." Àwọn ọ̀gá láti Èkó ń bọ̀ wá yẹ iṣẹ́ wa wò lọ́sẹ̀ yẹn, àwọn ọmọ sì ń ṣèdánwò. Mi ò mọ ẹni tí màá fi ilé sílẹ̀ fún. Mo pe àbúrò mi, mo fi ọ̀rọ̀ lọ̀ ọ́. Ó ní, "Àǹtí, inú Màmá dùn níbí. A ti rí i, ó wà lákọsílẹ̀. Tí ẹ bá lọ gbé wọn jókòó ti aláìsàn báyìí, ẹ máa ba ohun tó dára jẹ́. Ẹ jẹ́ kí Yèyé gbádùn díẹ̀ ná."

Ó yẹ kí n já a ní koro. Èmi tí mo ti fi gbogbo ọdún bú fọ́ọ̀mù yẹn, tí mo mọ̀ pé òfìfo ni, tí mo dúró níbẹ̀ nígbà tí bàbá télọ̀ ń sọ ti Sàtánì. Àmọ́ ó bá mi lára mu. Ìwé tí mo ti fi ṣẹ̀sín, mo fi bo ìhòòhò mi. Mo délé, mo sọ fún Màmá pé, "Ibà díẹ̀ ló ń ṣe Yèyé. Bí a bá ti gba ọlidé Kérésì, gbogbo wa la jọ ń lọ." Màmá ní, "Ó dáa. Ọlọ́run á fún un lálàáfíà." Ó wọ yàrá. Nígbà tó di ọjọ́ kejì, mo rí i tó fọ aṣọ rẹ̀ méjì tó dáa jù, ó lọ̀ wọ́n, ó kó wọn sínú báàgì, ó gbé báàgì sẹ́yìn ilẹ̀kùn.

Ikú ò dúró de Kérésì ẹnikẹ́ni. Yèyé kú kí oṣù kọkànlá tó parí, wọ́n sì sin ín lọ́jọ́ kẹta. Èmi, ọkọ mi àti àbúrò mi dúró sí ẹ̀yìn ilé, a fohùn ṣọ̀kan pé a ò ní sọ ọ́ fún Màmá. A kì í kàn ṣàdédé túfọ̀ fún àgbà. A ní a máa wá pásítọ̀ àti àwọn àgbà ìlú wa méjì tó wà ní Bìní, wọ́n á wá bá a jókòó, wọ́n á rọra fi òwe gbé e kalẹ̀. Lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀. Ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀ dé, a ní lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀.

Kí ó má baà fura, mo bẹ̀rẹ̀ sí í kẹ́ ẹ. Mò ń ra ẹja tútù bọ̀ láti Ekiosa. Mo ní kí àwọn ọmọ má fi Píjin rẹ̀ ṣe yẹ̀yẹ́ mọ́. Mò ń bá a jókòó lẹ́yìn oúnjẹ, mò ń sọ ọ̀rọ̀ tí kò lórí tí kò nídìí.

Nínú ọ̀sẹ̀ náà ni ẹgbẹ́ àwọn Yorùbá tí a jọ wà ní kí àbúrò mi wá bá àwọn sọ̀rọ̀ nípa iṣẹ́ rẹ̀. Ọjọ́ Sọ́ńdè ni, lẹ́yìn ìsìn. Ó sọ̀rọ̀ dáadáa, ẹ jẹ́ kí n fún un nítirẹ̀. Ó ní òun ò ní dárúkọ ẹnikẹ́ni, ó wá nawọ́ sí Màmá tó jókòó níwájú, ó ní ẹni tí inú rẹ̀ dùn jù nínú gbogbo ẹni tí òun bi rèé. Wọ́n pàtẹ́wọ́. Alága gbé ọtí ẹlẹ́rìndòdò lé e lọ́wọ́. Màmá dìde, ó kúnlẹ̀ díẹ̀ kí wọn, ó jókòó padà. Gbogbo ẹni tó wà nínú ilé yẹn tó jẹ́ ará ìlú wa ló mọ̀ pé ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ti wà nínú ilẹ̀, wọ́n sì ń pàtẹ́wọ́ fún un. Èmi náà pàtẹ́wọ́. Ọ̀rọ̀ burúkú tòun tẹ̀rín.

Lọ́jọ́ Sátidé tó tẹ̀ lé e, èmi àtòun ń ṣa ẹ̀wà ní ẹ̀yìnkùlé. Kò gbójú sókè kúrò lórí atẹ. Ó ní, "Ọjọ́ wo ni wọ́n sin ẹ̀gbọ́n mi?"

Mo ní, "Màmá, ta ló sọ fún yín?"

"Ìwọ ni. Láti ọdún tí mo ti dé ilé rẹ, o ò ra ẹja tútù lẹ́ẹ̀mẹ́ta lọ́sẹ̀ kan rí. Mo ní kí ló ṣe ọmọ yìí. Ẹ̀gbọ́n mi a sì máa pariwo nínú fóònù rẹ tí mo fi ń gbọ́ ọ láti ibi ìdáná. Ó ti tó ọ̀sẹ̀ mẹ́ta tí mi ò gbọ́ ariwo kankan."

Mo bẹ̀rẹ̀ sí í sunkún. Ìjayà ni o, ẹ má rò pé ìfẹ́ ni. Mo ní a ò fẹ́ kí ọkàn yín bàjẹ́ ni, Màmá. Mo tiẹ̀ tún sọ èyí tó burú jù, mo ní, "Ẹ̀yin náà lẹ sọ pé mẹ́wàá."

Ó yọ òkúta kékeré kan kúrò nínú ẹ̀wà, ó jù ú nù. Kò bínú. Ì bá sàn kó bínú.

Ó ní, "Irọ́ ni mo pa fún àbúrò rẹ. Ọmọ mi ni, mo fẹ́ kí iṣẹ́ rẹ̀ dáa. Ṣùgbọ́n ó jókòó, ó wò mí lójú, ó bi mí. Ọdún mẹ́sàn-án ni mo fi gbé pẹ̀lú rẹ. O ti bi mí bóyá àwọn ọmọ ti jẹun. O ti bi mí níbi tí kọ́kọ́rọ́ wà. O ti bi mí bóyá wọ́n mú iná wá. O ò bi èmi ní nǹkan kan rí."

Màmá ṣa ẹ̀wà yẹn tán, ó gbé e lọ sórí iná.

Ní ọjọ́ Mọ́ńdè, mi ò lọ síbi iṣẹ́. Mi ò tọrọ àyè lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni, ayé ò sì parẹ́. Mo ti sáré lọ ra aṣọ méjì àti bàtà lọ́jọ́ Sọ́ńdè. Màmá fọwọ́ kan aṣọ náà, ó ní ó dáa, ó sì fi í sílẹ̀ sórí àga. A wọ bọ́ọ̀sì ní Iyaro láago méje àárọ̀. A gba Ọ̀wọ̀, a gba Àkúrẹ́. Màmá ń wo ìta, kò sùn. Aago mọ́kànlá kò tíì lù tí a fi sọ̀ kalẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà Yèyé.

Ọmọ Yèyé ṣí yàrá fún wa. Bẹ́ẹ̀dì kan ló wà níbẹ̀. Ó sọ fún wa pé ẹ̀gbẹ́ ògiri nìkan ni Yèyé ń sùn, àní nínú àìsàn pàápàá, kò jẹ́ kí ẹnikẹ́ni sun ìdajì tó kù. Yèyé a máa ní ẹni tó ni ín ń bọ̀. Màmá bọ́ bàtà rẹ̀. Ó dùbúlẹ̀ sórí ìdajì tirẹ̀, ó kọjú sí ògiri. A fà sẹ́yìn, a pa ilẹ̀kùn dé.

Ní gbàgede, ọmọ Yèyé bu omi fún mi. Ó ní, "Ó máa ń bi wá pé ṣé Bìní yìí jìnnà tó bẹ́ẹ̀ ni. A máa ń sọ fún un pé ó jìnnà gan-an, ìrìn ọjọ́ méjì ni, kó má baà bínú sí ọ."

Mo gba omi náà lọ́wọ́ rẹ̀. Mo ní, "Ẹ ṣeun, mà."